Yangí, Òkúta àti Òkè: Ọ̀nà Ni Eré Kẹ̀kẹ́

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Kí n tètè là á kó yé wa: kì í ṣe Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń kó èrò wọ Ìbà ni mo ń sọ o. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, èyí tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wà, tí kò mu epo, tí kò sì ní ẹ̀rọ.

Ọmọkùnrin kan ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Típà kan da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ilé kan tí wọ́n ń kọ́ ládùúgbò wa ní Ìbà, ní Èkó. Ọmọ náà fi eré gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ inú òkúta yẹn, táyà iwájú rì, òun àti kẹ̀kẹ́ sì dojú dé. Nígbà tó gbọn ara rẹ̀ nù tán, ó wá bá mi níbi tí mo jókòó sí, ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó, sà. Mo rí i nínú fóònù pé àwọn kan ń fi kẹ̀kẹ́ sáré lórí òkúta báyìí fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, lórí òkè gíga. Báwo ni wọn kì í ṣe é ṣubú?" Mo dá a lóhùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà, àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ìyókù ìdáhùn náà ni mo gbé wá sórí afẹ́fẹ́ yìí.

Kò yà mí lẹ́nu pé ó ní láti bèèrè, torí ilẹ̀ tá a tẹ̀dó sí níhìn-ín kò lè fi í hàn án. Ẹ gbẹ́ kànga ní Ọ̀jọ́ wa níhìn-ín, iyanrìn lẹ ó máa kó jáde títí omi yóò fi dé. Kò sí àpáta kankan nítòsí wa. Òkúta tá a fi ń da kọnkéré, ìpínlẹ̀ Ògùn ni típà ti ń lọ kó o wá. Ilẹ̀ náà sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ láti Ìyànà-Ìbà, tó gba iwájú yunifásítì LASU, tó kọjá ní Ìbà, tó ń bá títì lọ títí dé Ìgàndo, kò ní rí òkè kan tí yóò mú un sọ̀kalẹ̀ láti ti kẹ̀kẹ́. Mo gun ọ̀nà náà lọ́pọ̀ ìgbà kí ọkọ̀ tó pọ̀ tó báyìí. Kòtò àti ọkọ̀ ni mo ń sá fún níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí àdúgbò yìí, òkè tó ga jù tí wọ́n gùn rí ni afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó kọjá lórí títì.

Eré tí ọmọ náà rí, Gravel ni àwọn tó ń sá a ń pè é, ìyẹn òkúta wẹ́wẹ́. Síbẹ̀, orí òkúta tí típà ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sílẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń sá a. Ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí ni: ọ̀nà oko, ọ̀nà inú igbó, ọ̀nà tí darandaran ń gbà, ọ̀nà tí òkúta kéékèèké ti wọ inú erùpẹ̀ rẹ̀ lọ tí òjò, oòrùn àti ẹsẹ̀ sì ti kì í mọ́lẹ̀. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ kan tó ṣe rẹ́gí ju tiwọn lọ. Yangí ni. Ẹni tó bá ti rin ọ̀nà abúlé rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó rí bí ilẹ̀ pupa ṣe le, tí òkúta pupa wẹ́wẹ́ ń yí gbirigbiri lábẹ́ bàtà rẹ̀, ó ti mọ irú ilẹ̀ tí mò ń sọ. Nítorí náà, eré ọ̀nà yangí ni n ó máa pè é.

Ìdí tí wọn kì í fi í ṣubú bíi ti ọmọ wa wà nínú táyà. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń sáré lórí ọ̀dà, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, nǹkan bíi mìlímítà 28 tàbí 30 ni fífẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì máa ń fún afẹ́fẹ́ sí i títí yóò fi le. Ti ọ̀nà yangí máa ń tó mìlímítà 40 sókè, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kì í pọ̀. Táyà tó fẹ̀ tó sì rọ̀ máa ń tẹ̀ mọ́ òkúta, á dì í mú, kò ní máa ta kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kì í lo túùbù mọ́. Oje funfun kan ni wọ́n ń dà sínú táyà. Bí ẹ̀gún tàbí òkúta bá lu ú, oje náà á sáré lọ dí ojú ihò kí afẹ́fẹ́ tó tán. Lẹ́yìn táyà, gíà ló kàn. Gíà tó fúyẹ́ púpọ̀ ni wọ́n ń fi sí i, kí ẹsẹ̀ lè máa yí bó ti wù kí òkè náà ga tó, ìbáà jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ń rìn bíi ti ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ló sọ eré yìí di ńlá. Ní ọdún 2006, ní ìlú Emporia ní ìpínlẹ̀ Kansas, àwọn 34 péré ló péjọ láti gun kẹ̀kẹ́ fún 200 máìlì, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 320, láàárín àwọn òkè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní Flint Hills. Akọ òkúta ló pọ̀ níbẹ̀, ó mú bí abẹ, ó sì ń ya táyà. Lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń lọ sá eré náà lọ́dọọdún. Unbound Gravel ni orúkọ rẹ̀ báyìí.

Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ gan-an kọ́ ni mo wá sọ. Ọ̀nà ni. Nínú bọ́ọ̀lù, pápá tí wọ́n ń gbá a lórí rẹ̀ ní Sùúrùlérè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti Lọ́ńdọ̀nù. Nínú eré ọ̀nà yangí, kò sí ọ̀nà méjì tó jọra. Ẹni tó jókòó ti máàpù, tó fi ìka fa ìlà láti abúlé kan sí èkejì, ló ti pinnu ibi tí omi yóò ti tán lọ́wọ́ wọn, ibi tí ilẹ̀ yóò ti ṣú bá wọn, ibi tí wọn yóò ti sọ kẹ̀kẹ́ di ẹrù, tí wọn yóò gbé e léjìká. Bí ọ̀nà bá dára, ènìyàn mẹ́wàá á máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Bí ọ̀nà kò bá ní láárí, ẹ̀bùn owó kì í sọ eré náà di ohun tí ènìyàn ń rántí.

Ẹ jẹ́ n mú yín lọ sí Mòrókò. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nelson Trees ti dá irú eré yìí sílẹ̀ lórí àwọn òkè orílẹ̀-èdè Kyrgyzstan ní ọdún 2018. Ó wá gbé òmíràn kalẹ̀ sí Áfíríkà wa níbí, ó sọ ọ́ ní Atlas Mountain Race. Oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n kọ́kọ́ sá a. Ìlú Marrakech ni wọ́n ti gbéra, etí òkun Àtìláńtíìkì ní apá gúúsù Agadir ni wọ́n parí sí. Òkun kan náà tó ń bì lu ilẹ̀ wa ní Àgbádárìgì ni. Gígùn ọ̀nà náà tó nǹkan bíi kìlómítà 1,150. Ẹni tó bá gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Èkó tó fi dé Kánò, irú ìrìn tó rìn nìyẹn.

Gígùn nìkan kọ́ o. Nínú eré orí òkè, nǹkan méjì ni wọ́n máa ń kà: bí ọ̀nà ṣe gùn tó, àti bí gbogbo òkè tí wọ́n gùn ṣe ga tó tí wọ́n bá ṣírò wọn pọ̀. Ẹ gun òkè kan tó ga ní 300 mítà, ẹ sọ̀kalẹ̀ rẹ̀ pátápátá, ẹ tún gun òmíràn tó ga ní 300, ẹ ti gun 600 nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìsàlẹ̀ lẹ wà báyìí. Ìsọ̀kalẹ̀ kì í dín in kù. Ní Mòrókò, àpapọ̀ náà jẹ́ nǹkan bíi 20,000 mítà. Òkè tó ga jù ní gbogbo Nàìjíríà ni Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Tàràbà, 2,419 mítà ni gíga rẹ̀ sí ojú òkun. Ìgbà mẹ́jọ lẹ máa gùn ún láti ojú òkun dé ṣóńṣó kó tó di iye yẹn, yóò sì tún ṣẹ́ kù díẹ̀. Bí a bá ní afárá ẹlẹ́sẹ̀ wa ga ní mítà mẹ́fà, ìgbà tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lẹ máa gùn ún.

Òfin eré náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ yà gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Kò sí ọkọ̀ tó ń tẹ̀ lé ènìyàn láti gbé omi fún un tàbí láti pààrọ̀ táyà. Ohun tí ìwọ bá gbé lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ ni tìẹ. Oúnjẹ, ní ṣọ́ọ̀bù tàbí ilé oúnjẹ tí gbogbo ènìyàn lè rà nínú rẹ̀ ni wàá ti rà á. Aago kì í dúró. Bí o bá sùn, aago ń lọ. Bí o bá dúró láti tún ṣéènì ṣe, aago ń lọ. Sofiane Sehili, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gba ipò kìíní lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn, ọjọ́ mẹ́rin kò sì pé lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wá wo bí ọ̀nà náà ṣe rí. Láti Marrakech, wọ́n dojú kọ òkè Atlas gíga, níbi tí yìnyín máa ń wà lórí òkè lóṣù kejì. Wọ́n gùn kọjá 2,000 mítà, òtútù ibẹ̀ lóru sì lè mú kí ìka má lè fa bíréèkì. Ní òdìkejì òkè ni Telouet wà, abúlé tí ààfin ìdílé Glaoui ṣì dúró sí, tó ń wó lọ díẹ̀díẹ̀. Ìdílé alágbára ni wọ́n nígbà kan. Ohun tó fún wọn lágbára ni pé ojú ọ̀nà ni ilé wọn wà: àwọn oníṣòwò tó ń kó ẹrù la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí Marrakech, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Nígbà tó di àwọn ọdún 1930, àwọn Faransé la títì fún mọ́tò gba orí òkè mìíràn tí wọ́n ń pè ní Tizi n'Tichka. Mọ́tò bá ibẹ̀ lọ. Ọ̀nà Telouet sì di ti ìbaaka àti ti ará abúlé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Old Ojo Road, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: bí títì ńlá bá ti dé, ọ̀nà àtijọ́ á padà di ti àwọn ará ilé.

Ọ̀nà ìbaaka yẹn gan-an ni wọ́n fà wọ inú eré. Ó tóóró, àpáta ló kún un, àwọn eléré a sọ̀kalẹ̀, wọn a máa ti kẹ̀kẹ́, níbòmíràn wọn a gbé e. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀ gbígbẹ gúúsù, níbi tí àárín abúlé kan sí èkejì ti jìn tí omi sì ṣọ̀wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ni òkè mìíràn, Anti-Atlas. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tí àwọn Faransé gbẹ́ sára òkè nígbà ìjọba amúnisìn, tí kò sí ẹni tó tún ń tún un ṣe mọ́. Àgbàrá ti gbá apá kan rẹ̀ lọ. Ọkọ̀ kò lè gba ibẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ lè gba ibẹ̀, bí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bá ní sùúrù láti sọ̀kalẹ̀ níbi tó yẹ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo rí nínú èyí, òun gan-an ló mú kí n gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Kò sẹ́ni tó la ọ̀nà tuntun fún eré yẹn. Gbogbo rẹ̀ ló ti wà nílẹ̀. Olùṣọ́ àgùntàn mọ̀ ọ́n, ìyá tó ń gbé igi ìdáná lórí ìbaaka mọ̀ ọ́n, àwọn àgbàlagbà mọ orúkọ gbogbo ìtẹ̀kọ́rọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹni tó dá eré sílẹ̀ ṣe ni pé ó lọ, ó gùn ún, ó bèèrè, ó sì so wọ́n pọ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ilẹ̀ mì tìtì ní apá òkè Atlas yẹn, ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló kú, àwọn abúlé sì wó. Nígbà tí àpáta dí ojú ọ̀nà, ìbaaka ni àwọn ará abúlé kan fi ń gbé oúnjẹ lọ fún ara wọn. Ọ̀nà tí àlejò ń pè ní ti eré, ọ̀nà ẹ̀mí ni fún onílé.

Láti Mòrókò, ẹ jẹ́ ká ya Kẹ́ńyà. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n kọ́kọ́ sá Migration Gravel Race ní ilẹ̀ àwọn Máṣáì. Kìlómítà 650 ni, ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Wọ́n ń sùn sínú àgọ́ lálẹ́, wọ́n ń gbéra láàárọ̀. Orúkọ náà wá láti ara àwọn ẹranko wildebeest tó ń ṣí kiri lágbo-lágbo láàárín Tàǹsáníà àti Kẹ́ńyà lọ́dọọdún. Ọ̀nà màlúù ni púpọ̀ nínú ọ̀nà eré náà. Nígbà tí òjò bá rọ̀, amọ̀ dúdú ibẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ táyà títí táyà kò fi ní lè yí mọ́. Nígbà tí òjò kò bá sí, ojú ọ̀nà á di gegele kéékèèké tó tò léra bíi páànù òrùlé, á sì máa gbọn ọwọ́ àti èjìká títí gbogbo ara yóò fi kú tipiri.

Ìdí tí wọ́n fi gbé eré náà sí Kẹ́ńyà yẹ kí gbogbo wa mọ̀. Àwọn eléré kẹ̀kẹ́ Ìlà-Oòrùn Áfíríkà lágbára, ṣùgbọ́n físà ń dí wọn lọ́nà, owó ọkọ̀ òfuurufú ń dí wọn lọ́nà. Wọn kì í rí àwọn tó mọ eré yìí jù lọ láyé bá figẹ̀ wọngẹ̀. Mikel Delagrange, agbẹjọ́rò ọmọ Amẹ́ríkà tó wà nídìí ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́ Team Amani, àti Sule Kangangi tó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ronú pé bí ọmọ Áfíríkà kò bá lè lọ bá wọn, kí àwọn yẹn wá bá a lórí ilẹ̀ rẹ̀, lójú ọ̀nà tí òun mọ̀. Wọ́n sì wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kẹ́ńyà, John Kariuki, ló gba ipò kìíní ní ọdún 2022.

Sule Kangangi yìí, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀wọ̀ dárúkọ rẹ̀. Òun ló ṣe ipò kẹta nínú ìdíje Tour du Rwanda ti ọdún 2017. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2022, ó wà nínú eré ọ̀nà yangí kan ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà. Ó ṣubú níbi tó ti ń fi eré púpọ̀ sọ̀kalẹ̀, ó sì kú. Ọmọ ọdún 33 ni. Ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ. Mi ò lè sọ̀rọ̀ eré yìí fún àwọn ọ̀dọ́ wa kí n fi ikú rẹ̀ pamọ́. Ìgòkè ló ń mú kó rẹ ènìyàn, ìsọ̀kalẹ̀ ló ń pa ènìyàn. Lórí yangí, bí ẹ bá fa bíréèkì iwájú lójijì, òkúta á yí lábẹ́ táyà, kẹ̀kẹ́ á yọ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn àti ti iwájú ni kí ẹ máa fà pọ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó dé kọ́ọ̀nù, kì í ṣe nígbà tẹ́ ẹ bá ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó ń yan ọ̀nà náà ní ẹ̀bi tàbí ìyìn tirẹ̀: kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ọ̀nù tó mú sí ìparí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn láì fi àmì síbẹ̀. Akoto tí ẹ̀ ń fi kọ́ sí apá lórí ọ̀kadà, orí ló wà fún.

Rùwáńdà náà ti wọlé sínú ọ̀rọ̀ yìí. Eré kan wà níbẹ̀ tó ń yí orílẹ̀-èdè náà ká, nǹkan bíi kìlómítà 1,000, tí ó bẹ̀rẹ̀ tí ó sì parí sí Kigali. Ìlú Kigali yìí kan náà ló gba àlejò ìdíje àgbáyé eré kẹ̀kẹ́ orí títì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó wá sí Áfíríkà.

Àwa ńkọ́? Nàìjíríà ti sá eré orí òkè rí, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni. Ọdún 2005 ni wọ́n kọ́kọ́ sá eré gun òkè Òbúdù ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí àwọn ará Ẹtiópíà àti Kẹ́ńyà sì máa ń wá kó ẹ̀bùn níbẹ̀ nígbà náà. Nílẹ̀ Yorùbá, mi ò tí ì gbọ́ pé a ti fi kẹ̀kẹ́ ṣe irú rẹ̀. Ẹnu mi kò sì wọ̀ ọ́ láti sọ pé torí a kò ní òkè ni.

Ẹ kúrò ní Iléṣà, ẹ dojú kọ ìlà-oòrùn. Òkè kan wà níwájú yín tó nà tàntàn láti àríwá sí gúúsù. Àwọn onímọ̀ nípa òkúta ń pè é ní Effon Psammite, wọ́n fi orúkọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè sọ ọ́, wọ́n sì wọn gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 180. Òkúta funfun líle ló pọ̀ nínú rẹ̀. Iyanrìn ni òkúta náà nígbà ìwáṣẹ̀, bíi ti Ọ̀jọ́ níbí gan-an; ooru àti ẹrù ilẹ̀ tó wà lórí rẹ̀ ló sọ ọ́ di àpáta. Torí ó le, òjò kò rí i jẹ bó ti jẹ ilẹ̀ tó yí i ká, ìdí nìyẹn tó fi dúró gẹ́gẹ́ bí òkè. Lára rẹ̀ ni omi Olúmirìn ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Lára rẹ̀ ni omi gbígbóná àti omi tútù Ìkọ́gòsì ti ń sun. Ẹ wo bí àwọn ìlú náà ṣe tò: Erin-Ìjẹ̀ṣà, Ìkọ́gòsì, Ẹ̀fọ̀n Aláayè, Òkè-Ìmẹ̀sí, Ìmẹ̀sí-Ilé, Ìgbájọ. Bí mo bá wo máàpù wọn, ọwọ́ mi a fẹ́ máa fa ìlà.

Àwọn òkè wọ̀nyí ti rí ẹsẹ̀ rí. Ogun Kírìjì tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ní ọdún 1877, àárín òkè yìí ni wọ́n ti jà á. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ló dá iná rẹ̀, Ògèdèǹgbé Iléṣà ló ṣáájú ọmọ ogun Èkìtìparapọ̀. Ìbàdàn pàgọ́ sí apá Ìgbájọ, àwọn yòókù sí apá Ìmẹ̀sí. Ìró àgbá tó ń dún láàárín òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ọdún 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ọdún 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká. Fún gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, àwọn obìnrin ń ru iṣu, àwọn aláàárù ń ru ìbọn àti ẹ̀tù, wọ́n ń gba ọ̀nà kan lọ, wọ́n ń gba ọ̀nà kan bọ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kò lè gbé lórí òkè fún ọdún mẹ́rìndínlógún kí ọ̀nà má mọ́.

Lẹ́yìn ogun, òwò dé. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, tí wọ́n máa ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni títí yóò fi san gbèsè, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń rìn láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé, ọ̀pọ̀ wọn di ẹrù aṣọ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ Raleigh, wọ́n ń gun òkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn àgbẹ̀ kòkó náà ń gun tiwọn lọ sóko. Kò sí táyà fífẹ̀, kò sí oje funfun, gíà kan ṣoṣo ni. Bàbá tó fi àpò kòkó sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà yangí wá sí ọjà ti ṣe ohun tí a ń fi fóònù wò báyìí, ẹnikẹ́ni kò fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń sọ nínú ọkàn wọn: ta ni yóò gun kẹ̀kẹ́ wọ inú igbó lákòókò yìí? Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn ajínigbé ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko di ohun ẹ̀rù, àwọn àgbẹ̀ pàápàá ń bẹ̀rù oko wọn. Kò sí eré kankan tó tó ẹ̀mí ènìyàn kan, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni gbéra lọ́la. Ọjọ́ tí ọ̀nà bá ní ààbò tó fún àgbẹ̀, ọjọ́ náà ni yóò ní i fún eléré. Bí ọjọ́ náà bá dé, ìgbà ọyẹ́ ló yẹ é, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, torí yangí tó le bí irin nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń di ẹrẹ̀ yíyọ̀ nígbà òjò, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n kì í sì í ṣe ibi tí ènìyàn ń yọ̀ sí.

Ohun tó ń ká mi lára ju ààbò lọ ni ìgbàgbé. Àwọn tó mọ ọ̀nà wọ̀nyẹn ń dín kù lójoojúmọ́. Ọ̀nà tí bàbá kan gbà láti Òkè-Ìmẹ̀sí sí oko rẹ̀ fún ogójì ọdún, kò sí lórí máàpù kankan. Bí bàbá náà bá lọ, igbó á bò ó lọ́dún méjì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tẹ́ ẹ ń gbé ní Ìyànà-Ìbà, ní Ọ̀jọ́, ní Òkòkomáíkò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASU tẹ́ ẹ máa ń lọ sílé fún ọdún, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá délé, ẹ jókòó ti àwọn àgbà. Ẹ bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà kí títì tó dé. Ẹ bi wọ́n lórúkọ odò tó dábùú rẹ̀, orúkọ òkè tí wọ́n ti máa ń sinmi, ibi tí omi mímu wà, àti bó ṣe jìn tó láti abúlé kan sí èkejì. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún yín, kí ẹ tó padà sí Èkó. Kí ẹ mú un wá fún wa ní ilé-iṣẹ́ rédíò yìí. A ó kà á lórí afẹ́fẹ́, ọ̀nà kan lẹ́yìn èkejì.